ÌBÒ RẸ, ÀMÁÁNÀ NI

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo àwọn tí wọ́n tọ ojú ọ̀nà wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ọ̀rọ̀ ìbò àti ìjọba ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lóṣù yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ òṣèlú nínú mọ́sálásí, ara àwọn kan a máa bù máṣọ. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ayé ni, kò kàn wá. Àwọn mìíràn á ní kí a kúkú dárúkọ ẹgbẹ́ tí gbogbo Mùsùlùmí yóò dìbò fún, kí ọ̀rọ̀ lè tán. A kò ní í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n jọ ń dúró ní sáfù kan náà, tí wọ́n jọ ń ṣínu ní oṣù Ramadan, tí wọn kò kí ara wọn mọ́ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2023? Bí ọ̀rọ̀ bá ti lè ba sàláámà jẹ́ láàrin ọmọ ìyá, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìyẹn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó dáhùn: Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìjọba tiwa-n-tiwa àti ìjọba olómìnira? Kí ni ìbò jẹ́ lójú ẹ̀sìn? Kí ni ó yẹ kí á ṣe kí ìbò má baà sọ wá di ọ̀tá ara wa?

1. Ọ̀RỌ̀ MÉJÌ TÍ A MÁA Ń PA PỌ̀

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ohun kan náà ni ìjọba tiwa-n-tiwa àti ìjọba olómìnira, èyí tí àwọn ìwé ìròyìn ń pè ní rìpọ́bílíìkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba tiwa-n-tiwa ń dáhùn ìbéèrè kan: ta ni yóò yan olórí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ará ìlú ni, nípa ìbò. Ìjọba olómìnira ń dáhùn ìbéèrè mìíràn: ta ló ni ìlú? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìlú kì í ṣe ogún ìdílé kankan. Gbogbo ará ìlú ló jọ ni ín, òfin sì wà lórí gbogbo wọn, àti ẹni tí ó ń ṣe olórí àti ẹni tí ó ń ta ata lọ́jà. Àwọn Lárúbáwá náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n ń pe ìjọba olómìnira ní jumhuuriyyah, láti ara ọ̀rọ̀ jumhuur tí í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjọba tiwa-n-tiwa ni wọ́n ń pè ní dimuqraatiyyah, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti èdè Gíríìkì.

Ẹ jẹ́ kí á wo Nàìjíríà tiwa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960 ni a gba òmìnira. A ti dìbò kí ọjọ́ náà tó pé, nínú oṣù Kejìlá ọdún 1959. Síbẹ̀, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ṣì kà sí olórí orílẹ̀-èdè wa. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963 ni a tó di olómìnira, tí Ọ̀mọ̀wé Nnamdi Azikiwe sì di Ààrẹ àkọ́kọ́. Fún ọdún mẹ́ta, ìbò wà, ṣùgbọ́n a kò tíì di olómìnira. Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ wa lójú rú ni pé ọ̀rọ̀ kan náà, òmìnira, ni èdè wa fi ń pe ọjọ́ méjèèjì.

Òdì kejì rẹ̀ náà ti ṣojú wa. Láti ọdún 1966 dé 1979, àti láti ìparí ọdún 1983 dé 1999, ológun ni ó ń ṣèjọba. Orúkọ olómìnira kò kúrò lára wa, kò sí ìdílé ọba kankan tí ó sọ pé òun ló ni wá, ṣùgbọ́n ta ni ó bi ará ìlú léèrè kí ó tó gorí àléfà? Nítorí náà, ọ̀kan lè wà láìsí èkejì. Ìlú tí ó bá fẹ́ fọkàn balẹ̀ nílò méjèèjì.

Kí ni èyí kàn wá fún? Ó kàn wá nítorí pé bí ó bá jẹ́ ìbò nìkan ni ó wà, àwọn tí wọ́n pọ̀ lè fi pípọ̀ wọn tẹ àwọn tí wọn kò pọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ hìjáàbù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí má ṣe lò ó ní ilé-ìwé ìjọba. Ilé ẹjọ́ gíga fara mọ́ ìfòfindè náà ní ọdún 2014. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà ní ọdún 2016, Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Nínú adájọ́ méje, márùn-ún ni wọ́n gbè wọ́n. Kò sí ẹni tí ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. A kò ka iye orí Mùsùlùmí mọ́ iye orí Kìrìsìtẹ́nì. Ìwé òfin ilẹ̀ ni wọ́n ṣí, apá 38, tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Àǹfààní ìjọba olómìnira nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra: apá kan náà ni ó dáàbò bo Kìrìsìtẹ́nì ní ìlú tí àwa ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ àǹfààní òfin níbi tí kò ti lágbára kò gbọdọ̀ tẹ òfin náà lójú níbi tí ó ti lágbára.

Òfin ilẹ̀ wa fi ọgbọ́n yìí sínú yíyan Ààrẹ pẹ̀lú. Apá 134 ìwé òfin ọdún 1999 kò sọ pé kí ìbò olùdíje pọ̀ jù nìkan. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìdámẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ 36, ìpínlẹ̀ 24 nìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ dènà ni pé kí ẹ̀yà kan tàbí agbègbè kan má ṣe dá nìkan gbé olórí lé gbogbo ìlú lórí.

2. KÍ NI ÌSÌLÁÀMÙ SỌ?

A kò ní í purọ́ mọ́ ẹ̀sìn wa. Àlùkùránì kò mẹ́nu ba ẹgbẹ́ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ìbò sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní harámù di halálì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti yíyan olórí àti ṣíṣe ètò ìlú, ẹ̀sìn wa pàṣẹ ìgbìmọ̀ràn, tí à ń pè ní ṣúúrà. Odidi Súúrà kan ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí, nínú rẹ̀ sì ni Ọlọ́hun ti yin àwọn tí wọ́n ń fi ìgbìmọ̀ràn ṣe ọ̀rọ̀ wọn (42:38).

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹta Hijira, nígbà tí àwọn ará Mákà kó ogun wá bá Mọ̀dínà. Èrò Ànábì (S.A.W.) ni pé kí wọ́n dúró sínú ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò sí nínú ogun Badri fẹ́ jáde lọ pàdé ọ̀tá. Ànábì tẹ̀lé tiwọn. Ní Uhudu, nǹkan kò rọgbọ. Nǹkan bí àádọ́rin nínú àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n kú síbẹ̀. Ènìyàn ìbá rò pé láti ọjọ́ náà lọ, ìmọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ ti tán lọ́jà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun náà ni àṣẹ sọ̀ kalẹ̀ pé kí Ànábì forí jì wọ́n, kí ó tọrọ àforíjì fún wọn, kí ó sì máa fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n (3:159). Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àṣìṣe àwọn tí a fọ̀rọ̀ lọ̀ kò sọ ìgbìmọ̀ràn di asán.

Nígbà tí Sayyidinaa Abuubakri (R.A.) di Kàlífà, ohun tí ó sọ fún àwọn ènìyàn ni pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ bí òun bá ṣe dáadáa, kí wọ́n sì tún òun ṣe bí òun bá yà kúrò lójú ọ̀nà. Sayyidinaa Umaru (R.A.), nígbà tí ikú dé bá a ní ọdún 23 Hijira, kò fa oyè lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni mẹ́fà ni ó yàn láti jíròrò. Abdurrahmani ọmọ Aofu fi òru mẹ́ta kiri ìlú, ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè; àwọn onítàn sọ pé ó bi àwọn obìnrin náà léèrè nínú ilé wọn, kí wọ́n tó fẹnu kò sí Sayyidinaa Usmaanu (R.A.). Lẹ́yìn tí Yasiidu gba oyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Muaawiya, ní ọdún 60 Hijira ni ìṣàkóso di ohun tí bàbá ń fà lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ìbéèrè tí a bi lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ta ló ni ìlú, kì í ṣe tuntun láàrin wa.

3. ÌBÒ JẸ́ OHUN MẸ́TA

Mufti Muhammad Shafi, onímímọ̀ ilẹ̀ Pakistan tí ó kú ní ọdún 1976, ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ni ìbò jẹ́ lójú Sharia.

Èkíní, ẹ̀rí ni. Bí o bá tẹ ìka sórí ìwé ìdìbò, o ń jẹ́rìí pé ẹni yìí yẹ. Bí o bá mọ̀ pé olè ni, ẹ̀rí èké ni o jẹ́. Bí o bá sì mọ ẹni tí ó yẹ, tí o jókòó sílé, rántí pé Ọlọ́hun kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí pamọ́ (2:283).

Èkejì, ìṣìpẹ̀ ni. Ìwọ ni o bá a ṣìpẹ̀ kí ó tó dé ipò náà. Ìpín rẹ wà nínú ire tí ó bá ṣe, ó sì wà nínú ibi rẹ̀ (4:85).

Ẹ̀kẹta, ìfàṣẹlénilọ́wọ́ ni. Bí o bá fa àṣẹ lé ènìyàn lọ́wọ́ lórí owó tìrẹ, tí ó sì ná an, ìwọ nìkan ni o pàdánù. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí ìbò ń fà lé ènìyàn lọ́wọ́, lórí ilé ìwòsàn, ilé-ìwé àti omi gbogbo ìlú ni. Ìdí nìyí tí a fi pe ìbò ní àmáánà. Súúrà An-Nisaai pa á láṣẹ pé kí á dá àmáánà padà fún àwọn tí ó tọ́ sí (4:58).

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé harámù ni ìbò, nítorí pé òfin ilẹ̀ wa kì í ṣe Sharia. Ẹ má ṣe bú wọn, ẹ jẹ́ kí á fi pẹ̀lẹ́tù dá wọn lóhùn. Ànábì Yuusufu fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun ṣe olùtọ́jú àpótí ọrọ̀ ilẹ̀ Íjíbítì (12:55), ìlú tí ọba rẹ̀ kò sí lórí ẹ̀sìn rẹ̀, nítorí pé ìyàn ń bọ̀ àti pé ó mọ ohun tí òun lè ṣe. Bí olódodo bá sá kúrò níbi iṣẹ́, ipò náà kò ní í ṣófo. Ẹlòmíràn á bọ́ sí i, yóò sì ṣòfin lé olódodo náà lórí.

4. OHUN TÍ ÈRÚ ÌBÒ TI FOJÚ WA RÍ

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, wọ́n dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn. Èrú tí ó wà nínú ìbò náà pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gba èsì rẹ̀ gbọ́. Ará ìlú dojú kọ ara wọn: a ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé lára, a ń ṣáná sí i. Ìjà náà ni àwọn àgbà ń pè ní "wẹ́tì-ẹ" títí di òní. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun dìtẹ̀ gbàjọba. Ní ọdún 1983, ìpínlẹ̀ Oǹdó gbaná nígbà tí wọ́n kéde ẹlòmíràn dípò Olóyè Adékúnlé Ajásin. Ilé ẹjọ́ dá ipò náà padà fún Ajásin, ṣùgbọ́n kò dá òkú padà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun tún ti dé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, a rí òdì kejì rẹ̀. Mùsùlùmí ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni igbákejì rẹ̀, Baba Gana Kingibe, Mùsùlùmí sì ni Alhaji Bashir Tofa tí wọ́n jọ du ipò. Síbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì dìbò fún Abíọ́lá lọ́pọ̀ yanturu, ó sì borí ní Kánò tí í ṣe ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀. Ọjọ́ náà lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìjọba ológun wọ́gi lé ìbò náà. Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Ọdún 2018 ni ìjọba tó kéde ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ní ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ní ọdún 2023, orúkọ tí ó ju mílíọ̀nù 93 lọ ni ó wà nínú ìwé àjọ elétò ìdìbò. Àwọn tí wọ́n dìbò Ààrẹ kò tó mílíọ̀nù 26. Nínú ẹni mẹ́rin, bí ẹni mẹ́ta ni kò dìbò. Ìbò 8,794,726 ni ẹni tí ó wọlé ní; bí a bá fi wé iye orúkọ tí ó wà nínú ìwé, kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ilé ẹjọ́ ti parí ẹjọ́ náà nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023, a kò sì fẹ́ tún un dá. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé àwọn èsì ìbò Ààrẹ kò hàn lórí ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ní àkókò tí àjọ náà ti ṣèlérí, ìyẹn sì fún ìfura láyè. Ìbò tí ó mọ́ ṣùgbọ́n tí ará ìlú kò rí mímọ́ rẹ̀ kò ní í fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀.

5. "DÌBÒ KÍ O SEBẸ̀"

A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn olóṣèlú. Ní ọdún 2018, nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ kan gbòde kan: "Dìbò kí o sebẹ̀." Àwọn tí wọ́n ń gba owó náà, ará ilé wa ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún ọdún mẹ́rin, ọjọ́ 1,461 nìyẹn. Kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Iye tí o ta ọ̀nà àdúgbò rẹ àti oògùn ọmọ rẹ nìyẹn. Bí gómìnà náà kò bá wá ṣe nǹkan kan, ẹnu wo ni o fẹ́ fi bi í? Ẹnu tí ó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ànábì (S.A.W.) ṣẹ́bi lé ẹni tí ó fún ni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á, Abu Daauda àti Tirmisi ni wọ́n gbà á wá. Òfin ìdìbò ọdún 2022 náà kà á sí ọ̀ràn fún àwọn méjèèjì.

Àwọn kan ń ṣe ọgbọ́n-ẹ̀wẹ́: wọ́n ní àwọn á gba owó náà, àwọn á sì dìbò fún ẹlòmíràn. Ọmọ ìyá mi, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí o gbà kò di halálì nítorí pé o tún fi irọ́ kún un.

6. ÌYÀTỌ̀ YÀTỌ̀ SÍ ÌYAPA

Pé kí èrò wa yàtọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní Uhudu, èrò àwọn Sàhábà yàtọ̀. Ìyapa ni ẹ̀ṣẹ̀: kí n kórìíra rẹ nítorí ẹgbẹ́ tí o wà, kí n má lọ sí ìsìnkú bàbá rẹ, kí n máa pe gbogbo ẹ̀yà rẹ lórúkọ burúkú. Lẹ́yìn ìdìbò Ààrẹ ọdún 2023, ìròyìn kàn pé ní àwọn ibùdó kan ní Èkó, ní ọjọ́ ìdìbò gómìnà, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, wọ́n lé àwọn ènìyàn kúrò nítorí ìrísí wọn tàbí ẹ̀yà tí wọ́n rò pé wọ́n jẹ́. Mùsùlùmí tí ó bá lọ́wọ́ sí irú èyí ti gbàgbé ìkìlọ̀ Súúrà Al-Maaida pé kí ìkórìíra wa sí àwọn kan má ṣe mú wa ṣe àìdọ́gba (5:8).

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn ọmọ ìyá wa obìnrin. Níwọ̀n ìgbà tí ìbò ti jẹ́ ẹ̀rí, kò sí ẹni tí ó lè bá ẹlòmíràn jẹ́ ẹ, ìbáà ṣe bàbá, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n. Ẹ lè jíròrò nínú ilé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ibi àpótí, ìwọ àti Olúwa rẹ ni ó kù.

7. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

(i) Fi orúkọ sílẹ̀, gba káàdì rẹ, má sì ṣe tà á tàbí fi yá ẹnikẹ́ni.

(ii) Wádìí olùdíje kí o tó dìbò: iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí, bí ó ti ṣe owó tí ó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, àti bí ó ṣe ń bá àwọn tí wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀ lò.

(iii) Mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ èsì. Ìwé EC8A ni wọ́n ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí. Ní ọdún 2023, wọ́n tún ń lẹ ìwé EC60E mọ́ ibùdó kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Bí o bá lè ṣe aṣojú ẹgbẹ́ tàbí alákìíyèsí, má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí kò tíì ní èsì nínú.

(iv) Má ṣe fi ìròyìn tí o kò wádìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni (49:6). Irọ́ tí o fi sórí fóònù ní ìṣẹ́jú kan lè dá iná tí ọdún kan kò ní í pa.

(v) Bí ìbò kò bá tẹ́ olùdíje lọ́rùn, ọjọ́ 21 ni ìwé òfin fún un láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì. Àdá àti táyà tí ń jó kì í ṣe ilé ẹjọ́.

(vi) Lẹ́yìn ìdìbò, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sàláámà sí ẹni tí ẹ jọ jiyàn. Kí á má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ mínbárì di pèpéle ìpolongo.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ṣé ìlú lè jẹ́ olómìnira kí ó má ní ìjọba tiwa-n-tiwa? Fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀.

2. Kí ni ìtàn Uhudu kọ́ wa nípa ẹni tí èrò tirẹ̀ kò borí?

3. Bí Mùsùlùmí méjì bá du ipò pẹ̀lú Kìrìsìtẹ́nì kan tí ó ṣe olóòótọ́ jù wọ́n lọ, báwo ni ẹ ó ṣe lo 4:58 àti 4:135?

4. Ta ni ẹ kò kí mọ́ nítorí òṣèlú? Ẹ má ṣe dáhùn èyí ní gbangba. Ẹ lọ bá ẹni náà kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á jẹ́ ẹlẹ́rìí òdodo, kí Ó má ṣe fi àìmọ̀kan wa jẹ àwọn ọmọ wa níyà, kí Ó sì so ọkàn wa pọ̀ lórí ohun tí Ó yọ́nú sí. Áàmín.

Wassalaamu alaykum wa rahmatullah.